Ẹrù Kékeré Inú Kọ̀ǹténà

Péjú Adégbóyèga mọ ọ̀nà kan tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí ju bó ṣe mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Riverdale, ní Georgia ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láti èbúté Lomé, ó la oko àti ọ̀dàn kọjá, ó sì wọ orílẹ̀-èdè kan tí kò ní òkun, tí kò ní ọ̀sà, tó jẹ́ pé ohunkóhun tí kò bá hù nínú ilẹ̀ wọn, orí táyà ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ẹ má bi mí ní orúkọ orílẹ̀-èdè náà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì ń gba bodè ibẹ̀, n kò sì fẹ́ fi ẹnu tèmi dá kún ìyà wọn.

College Park ni Péjú ti ń ṣiṣẹ́, nínú ọ́fíìsì kan tí bàálù ń fò kọjá lórí rẹ̀ débi pé ife tíì máa ń gbọ̀n lórí tábìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kó ẹ̀rọ tí àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà kò lò mọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn tó wà lókè lọ́hùn-ún. Èyí tí wọ́n ń fẹ́ jù nínú wọn ni àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí, kí òtútù má bàa pa á. Òkun kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu lórí iṣẹ́ yìí. Ìgbà tí ẹrù bá gúnlẹ̀, tí tírélà bá gbé e, ni ọ̀rọ̀ máa ń di wàhálà. Ọlọ́pàá á ní kí wọ́n tú u. Aṣọ́bodè á ní kí wọ́n tú u. Sójà náà á tú u. Ẹni tí kò tilẹ̀ wọ aṣọ ìjọba kankan á na okùn sójú ọ̀nà, òun náà á ní kí wọ́n tú u. Bí wọ́n ṣe ń tú u ni gíláàsì ń fọ́, tí wáyà ń já. Àpótí tó fi Georgia sílẹ̀ pẹ̀lú ìdérí á dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì láìní ìdérí. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó sọnù lójú ọ̀nà, tí adìyẹ ti ń sàba nínú rẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Yakub ló rí i. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lomé ni Yakub, Ṣakí ni baba rẹ̀ ti kó lọ síbẹ̀, òun ló sì ń wa tírélà fún wọn lójú ọ̀nà náà. Ó ju Péjú lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ Aunty ló ń pè é, Péjú náà sì ń pè é ní Bọ̀dá. Wọn kò fojú kan ara wọn rí, àfi lórí fóònù. Nígbà tó ń ròyìn ọ̀rọ̀ adìyẹ yẹn fún Péjú, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń rín, kó tó wá sọ pé, “Aunty, ọmọ èèyàn ló yẹ kó wà nínú ẹ̀ o.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Péjú gbé sọ́kàn. Ó bá àwọn ọlọ́kọ̀ Lomé sọ̀rọ̀, ó bá àwọn aṣọ́bodè ìhà méjèèjì sọ̀rọ̀, ó kọ́ Faransé tó tó láti fi bẹ̀bẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ títí gbogbo wọn fi fohùn ṣọ̀kan. Èdìdì irin kan ni wọn óò fi ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà láti College Park. Nọ́ńbà èdìdì náà á wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Bí nọ́ńbà bá ti ṣe rẹ́gí, kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí á fi wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Péjú dípò rẹ̀: kí ohun tó bá sọ pé ó wà nínú kọ̀ǹténà jẹ́ ohun tó wà níbẹ̀, kó má lé, kó má dín. Ọ̀gá kan tó ń ṣọ́ bodè bi í pé, “Madame, bí a kò bá ní wò ó, ta ni ká gbà gbọ́?” Péjú ní, “Èmi ni.”

Kọ̀ǹténà àkọ́kọ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ránṣẹ́, ọmọ tínńtín nínú gíláàsì tó mọ́ gaara, fìlà kékeré lórí. Péjú a máa wo àwọn àwòrán náà nígbà tó bá ń jẹun ọ̀sán, omi a sì máa bọ́ lójú rẹ̀.

Ibi tí Mummy Bámgbóyè ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Bridget Bámgbóyè, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, díákónẹ́ẹ̀sì nínú ìjọ wọn ní Riverdale, òun ló gba Péjú sílé nígbà tó ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ àti àpótí aṣọ kan. Péjú sùn sílé rẹ̀ títí ó fi parí ẹ̀kọ́, Mummy kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Òun ló dúró ní ipò ìyá níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe irú oore yìí fún èèyàn, a kì í wo ojú rẹ̀ ká ní rárá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa, n kò sì sọ pé ó burú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ń sọ.

Ọjọ́ Sátidé kan tí Péjú ń di kọ̀ǹténà tó kàn, Mummy wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ ọgbà ilé ẹrù wọn. Ó ṣí bùùtù, ó gbé ẹrù kan jáde tí wọ́n fi nylon dúdú wé, tí wọ́n fi téèpù di láti òkè délẹ̀.

“Péjú, ọmọ mi, bá mi fi èyí há àárín àwọn àpótí yẹn.”

“Mummy, ẹ kú àárọ̀ mà.” Péjú kúnlẹ̀, ó dìde. “Mummy, kọ̀ǹténà yìí, a kì í fi nǹkan míì kún un o. They are very strict.”

“Strict nípa kí ni? Ṣé cocaine ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ ni? Aṣọ ni jàre. On clearance ni mo rí wọn ní Hampton, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré yẹn. Déolú àbúrò mi ló ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ yìí. Ìlú tí hospital yẹn wà gan-an ló ń gbé. Á wá gbà á lọ́wọ́ driver yín. It will even hold the machines, wọn ò ní máa mì.”

Péjú wo ẹrù náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ní kó tú u. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tú ẹrù àgbà lójú àgbà, kí ló ń sọ? Olè ló ń pè é. Kò sí ẹni tó ń rìnrìn àjò láàárín wa tí wọn kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún rí: bá mi fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ báàgì rẹ, ẹnìkan á wá pàdé rẹ. À ń gbà á, a kì í tú u, a tún ń dúpẹ́ pé wọ́n fọkàn tán wa. Péjú ní, “Ó dáa, Mummy.” Ó fi ẹrù náà há àárín àpótí méjì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi èdìdì sí i. Mummy súre fún un kó tó wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀, Péjú pe Yakub. “Bọ̀dá, ẹrù kékeré kan wà nínú ẹ̀ o, ti Mummy mi kan níbí. Ẹnìkan máa wá gbà á lọ́wọ́ yín ní hospital.”

“Ta ni kí n máa retí, Aunty?”

“Òun á wá bá yín fúnra ẹ̀.”

“Kò burú.” Ẹni tó fọkàn tán èèyàn kì í bèèrè púpọ̀, Yakub kò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn agbébọn ya wọ abúlé kan tí kò jìnnà sí ọ̀nà tí Yakub ń gbà. Aṣọ sójà ni wọ́n wọ̀. Àwọn ará abúlé rò pé ìjọba ló wá ṣọ́ àwọn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọ́n bu omi fún wọn. Ohun tí wọ́n fi san án fún wọn kò ṣeé máa sọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹrù tó dé bodè ni wọ́n ń tú wò títí dé ìdí. Tírélà Yakub nìkan ni wọn kò tú. Ọ̀gá bodè yẹn ní òun mọ obìnrin tó ni èdìdì náà, ó ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró fún òun. Ó jẹ́ kí ó kọjá.

Ọ̀sán ni lọ́hùn-ún, àárọ̀ ni ní Atlanta, nígbà tí Yakub fi fídíò pe Péjú kó lè rí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣí kọ̀ǹténà. Àwọn èèyàn pọ̀ ní ọgbà ilé ìwòsàn náà. Gómìnà ẹkùn wá, nítorí pé gómìnà wá, sójà náà wá. Àwọn nọ́ọ̀sì tò, wọ́n wọ aṣọ funfun. Wọ́n gé èdìdì, wọ́n pàtẹ́wọ́, Péjú náà ń pàtẹ́wọ́ ní College Park. Wọ́n gbé àpótí kan sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe fa ìkejì, etí irin rẹ̀ ya nylon dúdú náà, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan sì já sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Aláwọ̀ ewé ni, àwọ̀ erùpẹ̀ àti ti ewé gbígbẹ wà lára rẹ̀, bíi ti sójà gẹ́lẹ́. Wọ́n ya èyí tó kù. Jákẹ́ẹ̀tì, fìlà, bàtà gígùn, wọ́n pọ̀.

Ní Georgia, aṣọ ọdẹ lásán ni. Baba arúgbó ń wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì. Lọ́hùn-ún, òfin kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe sójà ní in, pàápàá lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú abúlé kan.

Péjú gbọ́ nígbà tí wọ́n bi Yakub pé ta ló ni ẹrù náà. Yakub ní òun kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ta ló fẹ́ gbà á. Ó ní ẹnìkan máa wá gbà á lọ́wọ́ òun. Wọ́n ní kí ni orúkọ ẹni náà. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo rẹ̀. Ẹ tún un gbọ́, kí ẹ wá fi ara yín sípò sójà. Péjú ń kígbe lórí fóònù pé tòun ni, tòun ni, ṣùgbọ́n fóònù náà ti já sílẹ̀. Ojú ọ̀run nìkan ló ń rí, lẹ́yìn náà bàtà, lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan mọ́.

Ẹni tí Péjú kọ́kọ́ pè ni Mummy. “Mummy, irú aṣọ wo lẹ fi síbẹ̀? Wọ́n ti mú Bọ̀dá Yakub!” Mummy ní, “Jésù!” ó sì pa fóònù. Àbúrò rẹ̀ ló sáré pè.

Àwọn ọlọ́kọ̀ Lomé gba agbẹjọ́rò. Agbẹjọ́rò náà lọ bá àwọn sójà, ó sì fi èsì ránṣẹ́ sí Péjú: orúkọ méjì ni wọ́n ń fẹ́, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti orúkọ ẹni tó fẹ́ gbà á. Kí Péjú búra sí i níwájú adájọ́ tàbí ẹni tí òfin fún láṣẹ. Bí orúkọ méjèèjì bá jẹ́ òótọ́, Yakub á máa lọ sílé.

Seth Adéfọlá tó ni iléeṣẹ́ náà pe Péjú wọlé. Kò pariwo mọ́ ọn, èyí tó burú ju ariwo lọ. “Péjú, abeg, don't put anything in writing. Lawyer wa ló máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbé epo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. You received it. Ìwọ lo gbà á sílẹ̀.”

“Uncle Seth, èèyàn wà ní àtìmọ́lé.”

“Mo mọ̀. And I have hospitals in other countries that are watching us.” Ó wo ojú fèrèsé. Bàálù kan ń balẹ̀.

Péjú kò gbọ́ tirẹ̀. Ó pinnu pé òun á kọ orúkọ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́ láìsọ fún Mummy. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni ìyẹn lójú rẹ̀. Ó dúró di ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi: dídúró yẹn ń bí mi nínú títí di òní. Ṣùgbọ́n ó dúró, ó sì lọ bá Mummy ní párkìn ìjọ lẹ́yìn ìsìn, níbi tí àwọn èèyàn ti ń kó kúlà oúnjẹ sínú ọkọ̀.

“Mummy, mo fẹ́ dárúkọ Uncle Déolú fún wọn.”

“Wọ́n á pa á, Péjú. Ìwọ náà ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe fún èèyàn níbẹ̀ ni? Mo ti ní kó sá. Mo ní kó ju SIM nù, kó máa lọ. Ọmọ ìyá mi tó ṣẹ́kù láyé nìyẹn.”

“Bọ̀dá Yakub náà lọ́mọ, Mummy. Kò ṣe nǹkan kan.”

“Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, God will vindicate him. We will fast. Gbogbo prayer warriors ló máa gbé e sókè. Ṣùgbọ́n Déolú, tí wọ́n bá gbọ́ pé òun ló ni aṣọ yẹn, ó parí.”

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́.”

Mummy Bámgbóyè gbé Bíbélì rẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó sì kúnlẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbóná, pẹ̀lú aṣọ léèsì rẹ̀ àti orúnkún tí dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó tọ́. Àwọn èèyàn dúró. Ẹnìkan ní, “Ah! Mummy!” Péjú fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fà á lápá. “Mummy ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ má gégùn-ún fún mi!”

“N ò dìde, àfi tó o bá ṣèlérí.”

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì á sọ. Ó yẹ kó kọ̀. Ó rọrùn láti sọ lórí ìjókòó. Ẹni tó fún ọ lóúnjẹ nígbà tí o kò ní, tó wà lórí eékún níwájú rẹ, tí gbogbo ìjọ ń wò, n kò tíì mọ ẹni tó lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Péjú ṣèlérí.

Ìwé tó wá kọ sọ pé òun ló ra aṣọ náà fúnra òun, pé òun fi há àwọn àpótí kí wọ́n má bàa fọ́, àti pé kò sí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gbà wọ́n. Ó búra sí i. Ó rò pé òun ti gbé gbogbo ẹ̀bi lé orí ara òun, àti pé ìyẹn á tó.

Agbẹjọ́rò pè é padà. Ohùn rẹ̀ kò dùn. “Madame, wọ́n ka ìwé yín. Wọ́n ní bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ gbà á, kí ló dé tí dẹ́rẹ́bà ń sọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹnìkan ń bọ̀ wá gbà á? Ìwé tẹ́ ẹ kọ ti sọ ọ́ di òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ti gbé e kúrò níbi tí mo ti lè rí i.”

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ìyàwó Yakub ń pe Péjú láti Lomé, kì í bínú, kì í sunkún, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i ni. “Aunty, ó ní ẹ̀yin lẹ ní kí òun gbé e. Ẹ kàn bá mi sọ fún wọn. Wọ́n ní orúkọ ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀yin ẹ mọ orúkọ.” Péjú á ní òun ń gbìyànjú. Ìjọ ń gbààwẹ̀. Mummy ń fi ẹsẹ Bíbélì ránṣẹ́ sí i ní àràárọ̀. Péjú kò lè jẹun, kò lè wo àwòrán àwọn ọmọ mọ́. Ọkọ rẹ̀ bi í pé ta ni ìlérí yẹn ń gbà là. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ọ́fíìsì, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó pe agbẹjọ́rò. Ó dárúkọ Bridget Bámgbóyè. Ó dárúkọ Déolú, ó sọ ìlú tó ń gbé, ó sọ pé arákùnrin Bridget ni, àti pé òun ti purọ́ nínú ìwé àkọ́kọ́.

Agbẹjọ́rò ní, “Madame, ẹ ò bá ti sọ ọ́ lánàá. Yakub ti kú. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró.”

Ẹ má jẹ́ kí n sọ bí Péjú ṣe ké nínú ọkọ̀ yẹn. Seth ló jáde wá ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ká ní ibi tí ọ̀rọ̀ mọ nìyẹn, à bá ní ó ti burú tó. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò náà, tó jẹ́ ẹni tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbede méjì, gbé orúkọ Déolú lọ fún àwọn sójà síbẹ̀síbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì wo ara wọn. Wọ́n mọ Déolú. Òun ló ṣáájú àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣọ́ oko àti ọ̀nà pẹ̀lú sójà. Àwọn sójà fúnra wọn ló kọ́ wọn níbọn, àwọn ló sì fún wọn láyè láti wá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ̀. Ọwọ́ ìjọba ni aṣọ náà ń lọ. Ká ní ẹnìkan dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ṣòkòtò yẹn já sílẹ̀, ọ̀gá sójà tó dúró níbẹ̀ ni ì bá pè é lórí fóònù, wọn ì bá sì jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Déolú fúnra rẹ̀ pe Péjú. Ọkùnrin àgbà ni, ó ń sunkún bí ọmọdé. “Aunty, mo ń wọ bàtà láti lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi pè. Wọ́n ní kí n sá. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n ní kí n má bèèrè, kí n ju SIM nù kí n sá. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Mo sá lọ sóko. N ò mọ̀ pé wọ́n mú ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè, Aunty. Ẹnikẹ́ni ò bi mí.”

Mummy Bámgbóyè gbé kúlà oúnjẹ wá sílé Péjú. Ó ti rù. Ó jókòó sí etí àga, ó ní, “Ọlọ́run ló fúnni, Ọlọ́run náà ló gbà á. Àwa ò lè bi Í.”

Péjú kò tíì gbó Mummy lẹ́nu rí láyé rẹ̀. “Mummy, Ọlọ́run kọ́. Níbi tá a ti di kọ̀ǹténà yẹn, èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà níbẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ kúnlẹ̀, èmi àti ẹ̀yin náà ni. Àwa la pa á.”

Mummy dìde. Ó fi kúlà náà sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ. Wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn.

Ó wá ku òkú Yakub. Ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ gbà á, wọ́n fẹ́ gbé e wá sí Lomé, kí wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ baba rẹ̀. Òkú kì í kàn kọjá bodè bẹ́ẹ̀. Ìwé rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹrù lọ. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láàárín wọn bí Péjú, Péjú sì ṣe é. Ó pe ọ́fíìsì ìhín, ó pe ọ́fíìsì ọ̀hún, ó bẹ̀bẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣètò ìrìn àjò náà. Ó jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Wọ́n wẹ òkú náà, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀, wọ́n gbéra.

Péjú wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìyàwó Yakub pè. Ariwo ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan sì ń sọ Faransé.

“Aunty, wọ́n tún dá wa dúró. Wọ́n tún ní ká tú u.”

“Ẹ fi ìwé hàn wọ́n, ìyàwó Bọ̀dá. Òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀. Òkú tí wọ́n ti wẹ̀, wọn kì í tú u.”

“Mo fi hàn wọ́n. Ibi gbogbo tá a dé ni mo ti ń fi hàn wọ́n, ibi gbogbo náà sì ni wọ́n ti ń tú u. Wọ́n ń fi ọwọ́ wá abẹ́ ẹ̀, Aunty. Wọ́n ń yí i. Ọkọ̀ òkú kan wà níwájú wa láàárọ̀ yìí, wọ́n jẹ́ kí ìyẹn kọjá. Mo wá bi wọ́n pé kí ni tiwa. Wọ́n ní orúkọ yín ni. Wọ́n ní wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ojú ọ̀nà, pé ohunkóhun tí orúkọ yín bá wà lórí ẹ̀, kí wọ́n tú u.”

Péjú ń gbọ́ bí àbúrò Yakub ṣe ń bẹ àwọn sójà.

“Aunty, ẹ ṣeun gbogbo wàhálà yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ orúkọ yín kúrò lórí ìwé ọkọ mi.”

Òǹtẹ̀ ti wà lórí ìwé náà, kò ṣeé yí padà mọ́, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró sì ṣì pọ̀ níwájú wọn kí wọ́n tó dé Lomé.